Ewé Ni Kẹ́ Ẹ Wò Lára Hepatica

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá òdòdó inú igbó kiri ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà nígbà ìrúwé, ẹ má fi àwọ̀ dá oríṣi òdòdó tó ń jẹ́ Hepatica mọ̀ o. Àti acutiloba àti americana, ìyẹn oríṣi Hepatica méjì tó wà níbẹ̀, ló lè funfun, tó sì lè ní àwọ̀ pínkì tàbí búlúù. Ewé ni kẹ́ ẹ wò. Ewé àwọn méjèèjì pín sí mẹ́ta, àmọ́ orí ti acutiloba ṣe ṣóńṣó, ti americana sì rí roboto bí orí ṣíbí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òdòdó ti máa ń yọ kí ewé tuntun tó jáde. Ẹ rọra tú pàǹtí ilẹ̀ wò, ẹ máa rí ewé èṣí tó la òtútù já. Ó lè ti pọ́n, ó lè ti ya díẹ̀, kò burú. Tí kò bá sí, ẹ wo ewé kéékèèké mẹ́ta tó wà lábẹ́ òdòdó gan-an: ti acutiloba sábà máa ń ṣe ṣóńṣó pẹ̀lú.

Acutiloba fẹ́ràn ibi tí òkúta ẹfun wà, àmọ́ èmi ò ní tìtorí ilẹ̀ nìkan pinnu, torí àwọn méjèèjì máa ń hù pa pọ̀ nígbà míì. Ẹ ya fọ́tò ewé pẹ̀lú òdòdó. Ẹ má já a.