Píkọ́ọ̀pù Mi Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà: Bí Mo Ṣe Rí Ohun Tó Ń Ṣe É

Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ni mo fi ń kó pákó láti Dei-Dei wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, l’Ábùjá. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ṣì le. Ní 1975 ni PAN, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, nítorí náà páátì 504 kò wọ́n lápá ibí, àwọn tó lè tú u palẹ̀ láìwo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì pọ̀ bíi yanrìn. Ìyẹn náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ohun tó bá rọrùn láti rà, kíá ni wọ́n máa ń ní kéèyàn lọ rà á.

Bí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n, sìló rẹ̀ (eré tó ń sá nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pédà iná) á máa lọ sókè sódò. Nígbà mìíràn, bí mo bá kàn tẹ bíréèkì báyìí, ó parí, ó ti kú. Tí mo bá gba ọ̀nà Gwagwalada ẹ̀wẹ̀, tó ti sáré dáadáa, á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á máa relẹ̀, á sì dákẹ́. Màá jókòó díẹ̀, màá ṣáná sí i, á tún jí, á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mẹ́káníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ndẹ́nsà, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún kọ́ntáàtì ṣe, ó tú káábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò tán an, ó yí síkúrú, ó gbé sìló sókè títí ẹ́ńjìnì fi ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Lóòótọ́ kò kú mọ́ ní oríta fún ìgbà díẹ̀. Epo ló wá ń mu bí omi, àìsàn sì wà níbi tó wà.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti fi 504 kó èrò láàárín Jos àti ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ká gbogbo ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Wọn kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

“Ìwọ káfíńtà yìí, má tíì ra nǹkan kan mọ́. Ìgbà wo ló máa ń kú? Ṣé ó ń kú fin-ín bí ìgbà tí NEPA bá mú iná ni, àbí ó ń kú díẹ̀díẹ̀?”

Mo ní, “Bàbá, nígbà mìíràn báyìí, nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀.”

“Á jẹ́ pé o kò tíì wò ó. Lọ wò ó kó o tó padà wá.”

Mo fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti kú ni mò ń kọ ibi tó kú sí, bó ṣe kú, bóyá ó gbóná, bí epo ṣe pọ̀ tó nínú táǹkì. Ìwé náà kò tíì kún ojú ewé kan tí mo fi rí i pé àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kó ara wọn jọ. Ti inú ìgboro kò bìkítà fún jíjìnnà tàbí gbígbóná. Kó ṣáà ti dúró, kí n tẹ bíréèkì. Ti ọ̀nà jínjìn kì í ṣẹlẹ̀ àfi lórí ìrìn, ó sì máa ń tètè dé bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún. Ìyẹn ni àwọn èèyàn fi ń sọ pé epo burúkú ni wọ́n ń tà fún mi. Mo yí ilé epo padà, kò yàtọ̀.

Ti ìgboro ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ́ńjìnì oní-káábúrétọ̀ fẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti epo wọlé ní ìwọ̀n, nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo kan. Bí ẹsẹ̀ èèyàn kò bá sí lórí pédà iná, awẹ́ irin inú káábúrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, ẹ́ńjìnì á wá máa fa afẹ́fẹ́ tagbáratagbára láti ibi yòówù tó bá ti rí ihò. Ihò kékeré tí kò lè ṣe nǹkan kan lórí eré tó láti da sìló rú. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní ìdúró tó sì ń dán lórí eré, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé ni kéèyàn kọ́kọ́ wá.

Mo bu omi sínú ìgò tí ìyàwó mi fi ń wọ́n aṣọ tó bá ń lọ̀ ọ́. (Kò tíì rí ìgò náà gbà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.) Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mo ń wọ́n omi sí ìdí káábúrétọ̀ àti ojú gbogbo róbà tó so mọ́ mánífóòlù, irin tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣe fi pẹ́tírólù wọ́n ọn o, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹ́ńjìnì gbígbóná ni, iná wà ní tòsí. Ìdí káábúrétọ̀ kò ní nǹkan kan. Nígbà tí omi kan róbà tó ń lọ sí búsítà bíréèkì, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ìró ẹ́ńjìnì yí padà lójú ẹsẹ̀, ó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo wé àkísà mọ́ róbà náà, mo fi báìsì-gíríìpù fún un pa. Ẹ́ńjìnì dúró jẹ́ẹ́.

Lókè, róbà náà dára lójú. Abẹ́ ni ooru mánífóòlù ti sè é. Nígbà tí mo ká a, ó lanu. Ohun tó sì jẹ́ kí bíréèkì máa pa ọkọ̀ nìyẹn: bí mo bá ti tẹ pédà, búsítà á ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún tẹ́lẹ̀. Mo ra róbà tuntun ní Apo, èyí tí wọ́n ṣe fún bíréèkì tí kì í rún sínú bí ẹ́ńjìnì bá ń fa afẹ́fẹ́, pẹ̀lú kílípù méjì. Kí n má baà tún ra búsítà láìnídìí, mo pa ẹ́ńjìnì, mo tẹ pédà títí ó fi le, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣáná. Pédà wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, búsítà pé. Bíréèkì tó ti ń le lẹ́sẹ̀ mi láti ìgbà ọyẹ́ tún rọ̀.

Ti ọ̀nà jínjìn gba sùúrù, nítorí ojú ọ̀nà nìkan la ti lè mú un. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi, tó ń kọ́ṣẹ́ rìwáyà, la jọ kọjá Zuba pẹ̀lú táǹkì kíkún. Ó wúkọ́, a yà á kúrò lójú títì pátápátá. Àbúrò ìyàwó mi fa wáyà àárín, èyí tó ń gbé iná wá láti kọ́ìlì, kúrò lórí kọ́ntáàtì, ó fi páláyà onírọ́bà mú un sún mọ́ irin, mo sì ṣáná: iná aláwọ̀ búlúù ń ta pá, pá. Ó dá wáyà padà kó tó ṣí orí fílítà afẹ́fẹ́. Mo fọwọ́ fa irin tí pédà iná so mọ́, à ń wo ọ̀nà ọ̀fun káábúrétọ̀. Ó yẹ kí epo tú jáde níbẹ̀. Gbígbẹ ló gbẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, iná wà o. Epo ni kò sí.”

“Epo kò sí kẹ̀? Ṣebí ojú ẹ ni mo ṣe rọ ọ́ kún.”

Mo lọ ṣí ìdérí táǹkì. Ó dún fùùù! Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹnu rẹ̀, ó fà á mọ́ra. A dé e padà, a ṣáná títí epo fi gòkè, ó jí.

Bí pọ́ńpù bá ń fa epo, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táǹkì á máa fa epo náà padà. Nígbà tí táǹkì bá kún, àyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè kú. Bí mo bá sì dúró, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé, gbogbo èèyàn á ní kọ́ìlì ló tutù. Kí n lè dá a lójú, mo dẹ ìdérí díẹ̀, a wakọ̀ dé Gwagwalada láìwúkọ́. Ní àbọ̀, mo rọ epo kún, mo dé e pa. Ó kú.

A gbé e sókè nílé, a tọ róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí táǹkì fi ń mí. Agbọ́n tí ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé ti mọ tirẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti dì í le. Mo fi wáyà gún un, mo fẹ́ ẹ títí atẹ́gùn fi jáde lódì kejì, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì wínńdò bo ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tó yí síkúrú, mo dá sìló padà sílẹ̀ síbi tó yẹ. Kọ́ìlì àtijọ́ tí mẹ́káníìkì yọ, a dán an wò, iná rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti tuntun. Mo ti dì í sínú àpótí sípánà, kò níí jẹ́ kí n ra òmíràn láìpẹ́.