Bí Mo Ṣe Tọpasẹ̀ Gáàsì Nínú Katakata Àtijọ́ Kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni katakata náà. Ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe gàrí. Àlòkù Amẹ́ríkà ni katakata yìí, gáàsì, irú èyí tí a fi ń dáná, ni wọ́n sì ṣe é fún dípò pẹtiróòlù láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, kì í ṣe pé mẹkáníìkì kan yí i padà níbí. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún nígbà kan rí: ilé iṣẹ́ Minneapolis-Moline ti ń tà á láti 1941, àwọn ilé iṣẹ́ International Harvester àti John Deere sì ṣe tiwọn ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nítorí pé gáàsì kò wọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Ohun tí Bàbá rò fún mi ni pé ó ń jí wẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó ń rìn dáadáa dé oko, ṣùgbọ́n kété tí irin ìtúlẹ̀ bá ti wọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á máa wúkọ́, á sì kú. Bí ó bá sinmi tán, á tún jí.

"Kábúrétọ̀ ni," ni Bàbá wí, ìyẹn ibi tí gáàsì ti ń dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. "Bá mi yí síkúrù ẹ̀ wò."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí táǹkì bọ̀ ná, Bàbá. Ibẹ̀ ni gáàsì ti ń bọ̀."

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní kí a ti katakata náà lọ sí gbalasa, jìnnà sí àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé, á sì rọra wọ́ títí yóò fi kan ẹni tó ń koná. Mo tú orí bátìrì, mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á mọ́ gbogbo oríkèé páìpù. Oríkèé kan ní ìsàlẹ̀ táǹkì yọ ìfóòfó wúyẹ́wúyẹ́, mo sì fún un le títí tí kò fi yọ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi iná ìṣáná wò ó. Èmi kò ní dúró sí àdúgbò ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fáàfù méjì ló wà lára táǹkì náà, ẹni tí kò bá sì mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ro pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Ọ̀kan ń fa oru gáàsì láti òkè, òun ni a fi ń jí ẹ́ńjìnnì tútù; èkejì ń fa gáàsì olómi láti ìsàlẹ̀, òun ni a máa ń bọ́ sí bí omi ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bí awakọ̀ bá gbàgbé sórí fáàfù olóoru, tó sì ń túlẹ̀ lọ, gáàsì inú táǹkì á máa hó kíkankíkan kó lè dí èyí tó ń jáde, ara táǹkì fúnra rẹ̀ ni yóò sì ti máa fa ooru tó fi ń hó. Táǹkì á tutù, ipá rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ti ibí tún wá burú díẹ̀ sí i, nítorí pé propane, irú gáàsì kan, ni wọ́n ṣe katakata yìí fún, èyí tó máa ń hó ní ìwọ̀n −42°C, nígbà tó jẹ́ pé àdàlù ni gáàsì ìdáná tí à ń rà, butane, irú gáàsì mìíràn tó máa ń hó ní nǹkan bí 0°C, sì sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ipá tó wà nínú táǹkì wa kéré sí ti àwọn tó rọ ọ́, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń wà á mọ fáàfù rẹ̀ yà sọ́tọ̀, ó sì fi hàn mí pé díẹ̀díẹ̀ lòun máa ń ṣí i. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ìdènà kan wà nínú fáàfù náà tó máa ń pa ara rẹ̀ dé bí gáàsì bá dédé yọ pẹ̀lú ipá, bí ìgbà tí páìpù bá já. Ẹni tó bá ṣí i wàràwàrà á kàn gbọ́ "kà!", gáàsì ò sì ní dé iwájú dáadáa mọ́.

Asẹ́ gáàsì ní ìpẹtà díẹ̀ nínú. Mo nù ún, mo dá a padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni kọnfátà, ìyẹn àpótí irin tí gáàsì olómi ti ń di oru kó tó kọjá sí kábúrétọ̀. Lítà kan gáàsì olómi á fẹ̀ tó nǹkan bí 270 lítà bí ó bá di oru, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba ooru láti ibì kan. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa gba inú kọnfátà kọjá láti fún un ní ooru yẹn. Mo ní kí wọ́n so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n sì ṣiṣẹ́, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ rárá tí ìrì dídì fi bo kọnfátà funfun báláú, nínú oòrùn Ìjẹ̀bú! Mo fọwọ́ kan rọ́bà omi tó wọ inú rẹ̀, ó tutù, bẹ́ẹ̀ rédíétọ̀ gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. Omi kò dé ibẹ̀ rárá nìyẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí mo tú rọ́bà náà, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ ló dí i pa, nítorí omi odò ni wọ́n ti ń bù sí rédíétọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. A fi omi fọ ọ̀nà náà láti ẹ̀yìn wá síwájú títí tí èyí tó ń jáde fi mọ́, a pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì, a sì rọ omi kún rédíétọ̀.

Ìrì dídì kò padà wá mọ́, katakata sì ń túlẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn gáàsì ṣì ń yọ lẹ́nu kábúrétọ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á, kò sì fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí kò sí iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Mo ti fáàfù táǹkì pa, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó kù tán, mo wá tú ìdérí ìsàlẹ̀ kọnfátà. Òróró aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń rùn gidi ni ó yọ jáde, àwọn ohun wíwúwo inú gáàsì tí kò di oru. Nínú àpótí náà, awọ rọ́bà pẹlẹbẹ tó yẹ kó máa rọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa gáàsì ti gan bíi pónmọ́ tí a kò tíì rẹ. Kò lè pa ojú ihò rẹ̀ dé mọ́. Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni mo ti rí tuntun, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìkẹ́rù onígáàsì, àmọ́ èyí tó ti gbó ni mo mú dání láti fi wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀kan-kò-jọ̀kan ni wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó dé ibi síkúrù Bàbá. Pọ́lọ́ọ̀gì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí gáàsì nílò iná tó lágbára ju ti pẹtiróòlù lọ, iná tó bá sì rẹ̀ ń jọ àìtó gáàsì gẹ́lẹ́. Mo dín àlàfo ẹnu wọn kù díẹ̀. Síkúrù fúnra rẹ̀, tó ń díwọ̀n gáàsì, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti yí i, pẹ̀lú irin nínú ilẹ̀. Gáàsì kì í ṣe èéfín dúdú, kì í sì í kun pọ́lọ́ọ̀gì ní dúdú tí ènìyàn fi lè mọ̀ pé ó pọ̀ jù, nítorí náà etí ni mo gbọ́kàn lé: mo dín in kù títí tí ohùn ẹ́ńjìnnì fi ṣe bíi pé ó ń rẹ̀ ẹ́, mo sì dá a padà ní ìwọ̀nba. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, á sì jó fáàfù inú rẹ̀.

Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí síkúrù dúró sí. Mo sì sọ fún ọmọkùnrin náà pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, kó má fi kọ́kọ́rọ́ pa á; kó ti fáàfù táǹkì, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó gáàsì ojú páìpù tán títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kó tó wá yọ kọ́kọ́rọ́.