Bí a ṣe lè wo òṣùpá Júpítà tí ń wọ inú òjìji láti àárín Èkó

Ẹni tó bá ń retí ìgbà tí òṣùpá yóò tún bo apá tó pọ̀ jù nínú oòrùn ní Èkó, bí ó ti ṣe láàárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, yóò ní sùúrù. Ní ọ̀dọ̀ Júpítà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì yìí ní òṣùpá ńlá mẹ́rin, ìyẹn Io, Europa, Ganymede àti Callisto, tí Galileo rí ní oṣù Kìíní ọdún 1610. Io ń wọ inú òjìji Júpítà lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bíi wákàtí 42 ààbọ̀, Ganymede sì ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méje àti wákàtí díẹ̀. Iná ìlú tó ń gba ìràwọ̀ kéékèèké mọ́ wa lójú kò rí Júpítà gbé ṣe, nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Súrùlérè tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà kò ní láti wá oko lọ kó tó lè wò ó.

Irinṣẹ́ tí a nílò ni awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, èyí tí a ń pè ní baínókúlà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 10x50 sí lára. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlọ́po tí yóò fi mú nǹkan tóbi, èkejì sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Tòkunbọ̀ náà yóò ṣiṣẹ́, bí ẹ bá lè dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gílóòbù kan tó jìnnà dáadáa; bí ó bá sọ iná kan di méjì, ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn mu mọ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí oòrùn láé, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ ni yóò gbà á láti ba ojú jẹ́, wàràwàrà ni.

Bí awò yìí ti ń mú òṣùpá tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú gbígbọ̀n ọwọ́ tóbi. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orí ògiri dẹ́kì tàbí ti bákónì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí bákónì kan náà, ẹ kúrò níbẹ̀, torí pé gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba inú irin ìfarati wọ inú awò, òṣùpá kankan kò sì ní dúró lójú kan. Ẹ tún sọ fún onílé àti àwọn ayálégbé yòókù ṣáájú. Ẹni tó gbé awò sójú lórí òrùlé ní ọ̀gànjọ́ ní àlàyé láti ṣe nílùú yìí.

Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn tún ṣebí Júpítà ni. Àgùàlà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Venus, mọ́lẹ̀ ju Júpítà lọ, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí oòrùn, a kì í sì í rí i lókè ní ọ̀gànjọ́. Ìmọ́lẹ̀ funfun tí kì í ṣẹ́jú, tó wà lókè ní àkókò yẹn, Júpítà ló sábà máa ń jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé yóò sọ pé oṣù tí ayé bá wà láàárín oòrùn àti Júpítà ni kí a wò ó, irú èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2027. Lóòótọ́, ìgbà náà ló mọ́lẹ̀ jù, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ a máa fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ tààrà. Bí òjìji lẹ ń wá, ẹ lọ síwájú tàbí sẹ́yìn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nígbà tí òjìji náà bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2026 àti oṣù Karùn-ún ọdún 2027, ti oṣù Kọkànlá ni èmi yóò mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ni Júpítà ń yọ nígbà náà, nítorí pé òjò oṣù Karùn-ún ní Èkó kì í bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ganymede ni kí oníbaínókúlà fojú sí. Io sún mọ́ Júpítà jù, ìmọ́lẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ sì ń bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Ganymede a máa wọ òjìji ní ibi tó jìnnà díẹ̀ sí i. Ètò kọ̀ǹpútà Stellarium, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, yóò fi àkókò náà hàn yín. Bí ẹ bá lo àtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lo aago Greenwich, ẹ fi wákàtí kan kún un, yóò di aago Èkó.

Ẹ̀gbẹ́ tí a ó fojú sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì. Ní àwọn oṣù tí Júpítà ń yọ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, òjìji rẹ̀ wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Ganymede yóò sì pòórá ní gbangba kí ó tó dé ẹ̀yìn Júpítà rárá. Ní àwọn oṣù tí Júpítà ti wà lókè nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìhà ìlà-oòrùn ni. Èkó sún mọ́ agbedeméjì ayé, nítorí náà ìlà tí àwọn òṣùpá náà tò sí fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró nígbà tí Júpítà bá ń yọ: ẹni tó kọjú sí ọ̀sà láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà yóò rí ìhà ìwọ̀-oòrùn lókè Júpítà, ìlà-oòrùn nísàlẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kí ojú lè mọ́ òkùnkùn lára. Ganymede kì í lọ bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ó fẹ̀ tó 5,268 kìlómítà, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi ń wọlé tán. Ẹ máa fi í wé Europa tàbí Callisto tó wà nítòsí, ẹ óò rí i tí yóò kọ́kọ́ rẹlẹ̀ sí wọn, tí yóò wá di ohun tí a ń rí nígbà tí a bá yẹjú díẹ̀, kí ó tó pòórá. Ẹ kọ aago náà sílẹ̀. Ohun tí ẹ rí ti ṣẹlẹ̀ ní ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, torí pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí Io ni Ole Rømer, ará Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, fi hàn ní ọdún 1676 pé ìmọ́lẹ̀ ní ìyára tó lópin.

Callisto jìnnà débi pé ní àwọn ọdún kan, òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji ló ń gbà kọjá, kò sì ní wọ̀ ọ́ rárá. Ní ti òjìji tí àwọn òṣùpá náà ń jù sórí Júpítà fúnra rẹ̀, baínókúlà kò lè fi í hàn. Ó nílò awò ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dúró ṣinṣin, nígbà tí Júpítà bá ga lókè dáadáa.