Ẹ tún lísìtì ẹ́ksítírà yẹn wò kẹ́ ẹ tó sanwó káràfáánì

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, tẹ́ ẹ fẹ́ ra káràfáánì tuntun, ìyẹn ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò máa ń fà, kẹ́ ẹ lè máa kó àwọn ọmọ jáde nígbà ọlidé, ẹ kú ìnáwó o. Káràfáánì gan-an kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, lísìtì ẹ́ksítírà, ìyẹn àwọn nǹkan àfikún tí díílà máa tẹ́ síwájú yín, ni. Mover (ẹ̀rọ tó ń sún káràfáánì láìlo mọ́tò), ẹ́sì, sólà, àga aláwọ, gbogbo ẹ̀ á máa wọ̀ yín lójú, ẹ óò sì máa sọ pé "fi sí i, fi sí i".

Èyí tó burú jù ni kéèyàn máa wo owó nìkan kó má wo kílò. Nọ́ńbà méjì wà lórí ìwé ẹ̀: MIRO, ìyẹn bó ṣe wúwo tó nígbà tó ń jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é, àti MTPLM, ìyẹn ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá tẹ́ ẹ bá di ẹrù sí i tán. Àlàfo àárín méjèèjì ni payload, ibẹ̀ lẹrù yín máa wọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹ́ksítírà ń jẹ. Ká ní MIRO jẹ́ 1,350kg, MTPLM jẹ́ 1,500kg, 150kg péré lẹ ní. Mover tó ń bá yín sún un sáyè ẹ̀ lè tó 30kg, ẹ́sì orí òrùlé náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bátìrì lead-acid (irú èyí tó wà nínú mọ́tò) ńlá kan lè tó 25kg, ó ti di 85kg nìyẹn, ẹ ò tíì gbé awning (àgọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀), ẹ ò tíì kó aṣọ èèyàn mẹ́rin, ká má tíì wá dárúkọ kúlà àti àpò ìrẹsì tí mọ́mì àwọn ọmọ máa ní dandan kó bá wọn lọ. Tó bá kọjá MTPLM, ẹ ti rúfin, wọ́n sì lè dá yín dúró lójú títì kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbà kẹ́ ẹ gbé MTPLM sókè díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe ọ́dà, nígbà míì ìwé àti sítíkà nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀ torí irin ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Tèmi bá ni, ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ rà kí n tó wo àga aláwọ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo mọ́tò yín náà o. Lóòótọ́, láti December 16, 2021, àwọn tó gba láísẹ́ńsì mọ́tò láti January 1, 1997 náà lè fa ẹrù tó tó 3,500kg láìṣe ìdánwò míì, àmọ́ pé òfin gbà yín láyè kò ní kí mọ́tò yín lágbára ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí MTPLM má kọjá 85% ìwúwo mọ́tò tó ń fà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ́sì, áà, àwa ọmọ Náíjà! Ọjọ́ mélòó ni oòrùn ń mú níbí? Sáìtì (ibi tí wọ́n ń gbé káràfáánì sí) míì ní iná 16A (ìwọ̀n iná tẹ́ ẹ lè fà lẹ́ẹ̀kan náà), òmíì 10A, tẹ́ ẹ bá sọdá sí Faransé ẹ lè bá 6A, ìyẹn ò sì ju 1,380W lọ, ẹ tan ẹ́sì kẹ́ ẹ tún gbé kẹ́tù kaná, ó já nìyẹn. Fáànù orí òrùlé tó fún ọ̀pọ̀ wa.

Sólà ńkọ́? Tó bá jẹ́ sáìtì tó níná lẹ máa ń lọ ṣáá, páńẹ́lì kékeré ti tó, oòrùn December níbí ò sì lè ṣe nǹkan gidi. Bátìrì lithium dáa, kò wúwo, ẹ sì lè lo iná inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí lead-acid ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọjá ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá chárjà inú káràfáánì yẹn bá lithium mu, ẹ sì rántí pé kò yẹ kí wọ́n máa cháàjì ẹ̀ tí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0°C.

Ẹ́ksítírà kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fò, èmi ò sì mọ̀dí ẹ̀: ojú gáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, tẹ́ ẹ lè so sítóòfù mọ́. Ẹni tó bá dín ata nínú káràfáánì á gbọ́ òórùn ẹ̀ lára tìmùtìmù fún ìgbà pípẹ́. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dáná. Àmọ́ gáàsì ibẹ̀ 30mbar ni (ìyẹn agbára tó fi ń jáde), iná ńlá tá a fi ń se ìrẹsì òde ò ní bá a mu, ẹ wá sítóòfù tó bá 30mbar mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tó mọ iṣẹ́ iná wá dá ihò sí òrùlé nítorí owó díẹ̀. Tómi bá gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n lè kọ̀ wáráńtì yín. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi nǹkan sí i, kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ṣáájú pé wáráńtì ṣì dúró. Lọ́ọ̀kì náà, ẹ bi insọ́ránsì irú tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ tó rà á.

Nígbà tí wọ́n bá fi gbogbo ẹ̀ sí i tán, kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ ní kí díílà gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀, kó fún yín níwèé kílò ẹ̀, torí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ìpolówó ò mọ̀ nípa ẹ́ksítírà tẹ́ ẹ yàn. Tó bá kọ̀, ẹ fúnra yín ẹ gbé e lọ lófìfo, kẹ́ ẹ tó kó ṣíbí kankan sí i.