Òdòdó Ẹlẹ́yìn Òòrẹ̀: Bí Mo Ṣe Gbin Echinacea Sílẹ̀ àti Sínú Ìkòkò

Ọdún kìíní tí mo gbin echinacea, ewé lásán ni mo rí. Láti oṣù karùn-ún tí mo ti gbìn ín sílẹ̀ títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò yọ igi, kò rú òdòdó. Ewé gbọọrọ onírun kúkúrú ló kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ̀fọ́ yánrin. Ó ku díẹ̀ kí n hú u dànù. Inú mi ń dùn títí dòní pé mi ò hú u, torí nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún kejì, àwọn tó ń kọjá lọ ti ń dúró létí ọgbà wa láti wò ó.

Illinois ni mo ń gbé, ní apá gúúsù Chicago. Ilẹ̀ pápá ni apá tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ yìí kí oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà tó gbà á, òdòdó yìí sì wà lára ohun tó ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lurie Garden, ọgbà òdòdó kan tó wà nínú Millennium Park ní Chicago, ni mo ti kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ewé òdòdó rẹ̀ kì í tẹ́ gbalaja bíi ti sunflower. Ṣe ló máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tí àárín rẹ̀ á wá yọ ṣóńṣó sókè. Elésè àlùkò la lè pe àwọ̀ rẹ̀, àmọ́ píǹkì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Mo fọwọ́ tẹ àárín yẹn, mo rò pé ó máa rọ̀. Kò rọ̀ rárá. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó le ló tò yí po, tí orí wọn pọ́n bí ọsàn, bí ẹ̀yìn òòrẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo rí yìí náà ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọdún 1794 ni Conrad Moench, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, pè é ní Echinacea, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi ń pe ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó fara jọ òòrẹ̀.

Oṣù kejì ọdún ni mo bẹ̀rẹ̀. Echinacea purpurea gangan ni mo ra irúgbìn rẹ̀, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ti da ẹ̀yà wọn pọ̀ tí wọ́n fi ń yọ pupa tàbí yẹ́lò. Tẹ́ ẹ bá gbin irúgbìn irú ìyẹn, ohun tó máa hù kì í sábà jọ ìyá rẹ̀. Mi ò sì fẹ́ àwọn tí òdòdó wọn ṣù jọ bíi pọ́nńpọ́n, torí oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà dé ibi tí oúnjẹ wà lára wọn. Ìdí mìíràn tí mo fi mú purpurea ni gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan máa ń ran gbòǹgbò kan ṣoṣo wọlẹ̀ lọ jìnnà bíi kárọ́ọ̀tì, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣí wọn nípò. Ti purpurea máa ń fọ́n ká ni, ìdí nìyẹn tó fi gba inú ìkòkò.

Irúgbìn yìí fẹ́ òtútù kó tó jí. Nínú pápá, ìgbà ìwọ́wé ló máa ń bọ́ sílẹ̀, á sùn sábẹ́ yìnyín, ìgbà tí ilẹ̀ bá tún yá ló máa ń hù. Nítorí náà, mo da ogójì rẹ̀ mọ́ iyanrìn tí mo fi omi díẹ̀ rin, mo dì í sínú ọ̀rá, mo kọ “Ẹ má fọwọ́ kàn án” sí i lára, mo sì gbé e sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló lò níbẹ̀. Àwọn kan máa ń hù láìjẹ́ pé wọ́n rí òtútù, àmọ́ tí wọ́n bá rí i, èyí tó máa ń hù máa ń pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń hù pa pọ̀.

Láàárín oṣù kẹta, mo lu ìdí àwọn ike yógọ́ọ̀tì, mo rọ erùpẹ̀ sí wọn, mo sì fi irúgbìn náà sí i. Ẹ má rì í wọlẹ̀ jìn. Erùpẹ̀ tí mo fi bò ó kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ojú fèrèsé ni mo tò wọ́n sí, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 21°C. Ọjọ́ kọkànlá ni mo rí àkọ́kọ́, ó tẹ̀ kọrọdọ bí abẹ́rẹ́ tó ká, ó gbé èèpo irúgbìn lérí. Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ máa ń dán. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni irun máa ń wà lára wọn, àwọn yẹn gan-an ni ewé rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló hù nínú ogójì.

Nígbà tí ìrì dídì ti lọ tán láàárín oṣù karùn-ún, mo gbé wọn síta wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí oòrùn má baà jó wọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbìn wọ́n síbi tí oòrùn ti ń pa á fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, mo sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sáàárín ọ̀kan sí èkejì.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé ilẹ̀ tó bá lọ́ràá ló ń so. Amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa, ó máa ń di omi mú. Ní apá kan, mo da ilẹ̀dú díẹ̀ mọ́ ọn kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ. Ajílẹ̀ tí mo rà kò tó gbogbo ilẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà nìkan ni mo da gbogbo rẹ̀ sí, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, mo sì tún ń bu sí i láàárín ọdún. Lọ́dún kejì, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ọgbà ga ju àwọn yòókù lọ, ewé wọn dú, inú mi dùn. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti dojú bolẹ̀. Mo gbé igi ọ̀kan, ó rọ̀ pẹ̀jẹ̀pẹ̀jẹ̀ bí igi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Kò pẹ́ tí ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ewé wọn. Àwọn tí kò rí ju ilẹ̀dú díẹ̀ lọ dúró ṣánṣán, igi wọn le bí igi ìgbálẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò fún un ní ajílẹ̀ kankan mọ́. Ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀dú kan nídìí rẹ̀ nígbà ìrúwé ti tó o.

Bákan náà ni omi. Ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń bomi rin ín, á sì mu yó dáadáa kí gbòǹgbò lè wọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú.

Ti inú ìkòkò yàtọ̀. Mẹ́rin ni mo gbìn sínú ìkòkò lórí dẹ́ẹ̀kì, ìkòkò tó fẹ̀ tó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40, tó ní ihò nídìí. Ẹ má bu erùpẹ̀ ilẹ̀ sí i, torí ó máa ń dì gbagidi. Erùpẹ̀ inú àpò tí wọ́n ṣe fún ìkòkò ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, kì í jẹ́ kí omi yára lọ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Inú ìkòkò máa ń tètè gbẹ, nítorí náà mo máa ń ki ìka bọ erùpẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Tó bá gbẹ níbẹ̀, mo á bomi rin ín títí omi fi máa jáde nídìí, mo á sì da èyí tó bá dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù.

Ìgbà òtútù ló máa ń pa ti inú ìkòkò. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà ni aṣọ rẹ̀. Èyí tó wà nínú ìkòkò, òtútù ń mú un láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí dẹ́ẹ̀kì nínú ìkòkò amọ̀ tó wù mí gan-an. Omi dì nínú rẹ̀, ìkòkò là sí méjì, gbòǹgbò sì ti jẹrà nígbà tí mo fi tú u. Àwọn mẹ́ta yòókù wà nínú gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná. Ìgbà tí ewé wọn ti kú tán nínú oṣù kọkànlá ni mo gbé wọn wọlé, mo ń ta omi díẹ̀ sí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo sì gbé wọn jáde nínú oṣù kẹrin. Gbogbo wọn ló jí. Ìgbà tí mo tún dé Lurie Garden ni mo gbọ́ pé orí òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n kọ́ ọgbà náà sí, tí wọ́n ṣí i lọ́dún 2004. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú pé inú ìkòkò ńlá kan ni gbogbo rẹ̀ náà wà.

Ehoro fẹ́ràn ewé tuntun rẹ̀, mo fi wáyà yí àwọn kéékèèké ká títí wọ́n fi dàgbà. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní ìgbín tí kò ní ìkarahun ló ń dààmú tòun. Nínú oṣù keje, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Japanese beetle, tó ń dán bíi bàbà, máa ń jẹ òdòdó rẹ̀. Àárọ̀ kùtù, tí ara wọn ò tíì yá, ni mo máa ń gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ.

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹrin. Òdòdó kan yọ ní àwọ̀ ewé, ewé wẹ́wẹ́ sì ń hù jáde láti àárín rẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹ̀gún wà. Aládùúgbò wa ní ó rẹwà. Àrùn ni, aster yellows ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò kékeré kan tó ń fò láti orí ewé dé orí ewé ló ń gbé e kiri, kò sì ní oògùn. Mo hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo sì kó o sínú pàǹtírí, mi ò jẹ́ kó dé ibi tí mo ti ń ṣe ilẹ̀dú. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má ṣàánú rẹ̀, àwọn tó yí i ká ni kẹ́ ẹ ṣàánú.

Ọdún kẹta ni Màámi wá kí wa láti Ìkirè. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn.

“Àdùkẹ́, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe? Ṣé jíjẹ ni?”

“Rárá o, Màámi. Òdòdó ni.”

“Gbogbo ilẹ̀ tó dáa báyìí? O ò wá gbin ewúro sí i.”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn onílẹ̀ gan-an, àwọn ẹ̀yà tó wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, bíi Lakota àti Cheyenne, máa ń fi gbòǹgbò ìbátan rẹ̀ kan wo eyín tó bá ń dunni. Ojú wọn là. “Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ lára rẹ̀.” Mo yára bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gé e fún àgbo o, torí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Títí dé ìparí oṣù kẹjọ, mo máa ń gé àwọn òdòdó tó ti gbẹ kí tuntun lè yọ. Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, mi ò gé e mọ́. Ewé òdòdó á re tán, orí òòrẹ̀ yẹn nìkan ló máa kù, á dúdú, irúgbìn á kún inú rẹ̀. Èyí kò tẹ́ Màámi lọ́rùn. Wọ́n ti mú ìgbálẹ̀ àti àdá kékeré jáde. “Ibí yìí ti di igbó, Àdùkẹ́. Ojú àlejò ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ jẹ́ kó dúró.” Wọ́n fi sílẹ̀, àmọ́ inú wọn ò dùn sí i.

Nínú oṣù kìíní, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, mo wà ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé.

“Àdùkẹ́! Yára máa bọ̀. Rọra o, má ṣe ariwo.”

Ẹyẹ goldfinch ni. Yẹ́lò tó máa ń mọ́ lára wọn nígbà ooru ti lọ, ara wọn ti di rúsúrúsú. Wọ́n bà lé orí àwọn òdòdó gbígbẹ náà, wọ́n ń tú irúgbìn láàárín ẹ̀gún, èèpo rẹ̀ ń já bọ́ sórí yìnyín. Màámi na ìka, wọ́n ń kà wọ́n: mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi padà sílé, ojú fèrèsé yẹn ni wọ́n ti ń mu tíì wọn láràárọ̀.

Ìparí oṣù kẹta ni mo gé àwọn igi náà. Mo fi bí sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ lára wọn torí àwọn oyin kéékèèké kan máa ń yé ẹyin sínú igi tó bá ṣófo. Èyí tí ẹyẹ ò jẹ ti hù fúnra rẹ̀ láàárín bíríkì. Mo ti kó mẹ́rin nínú wọn sínú ike yógọ́ọ̀tì fún aládùúgbò wa.