Ẹ̀yin Ará Àkúrẹ́ Tó Wà ní Texas, Ẹ Rọra Fọwọ́ Kan Koríko Yẹn

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àkúrẹ́ dé Texas, tí ẹ wa mọ́tò gba òpópónà márosẹ̀ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ó rí òdòdó aláwọ̀ aró tó tẹ́ lọ bí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ má pè é ní igbó. Bluebonnet ni, òdòdó ìpínlẹ̀ Texas láti ọdún 1901, ọwọ́ èèyàn sì wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀nà ń fọ́n nǹkan bí 30,000 pọ́ùn irúgbìn òdòdó ìgbẹ́ lọ́dọọdún. Tí a bá fi àpò ìrẹsì 50 kìlò wọ̀n ọ́n, ó lé ní 270.

Lady Bird Johnson, ìyàwó Lyndon Johnson tó ti jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà, ló dúró gbọin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó kan ẹwà ojú títì jáde lọ́dún 1965. Òmíràn dé lọ́dún 1987: nínú ₦100 tí wọ́n bá fi tún ẹ̀gbẹ́ òpópónà ìjọba àpapọ̀ ṣe, ó kéré tán kí kọ́bọ̀ 25 lọ sórí òdòdó ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Ọmọ sánítéṣọ̀n ni wá. Lójú wa, títì tí wọ́n gé koríko ẹ̀ mọ́lẹ̀ ló mọ́. Lóṣù karùn-ún ọdún àkọ́kọ́ mi, mo bá àwọn ará àdúgbò jáde lọ ṣa ìdọ̀tí. Mo rí òdòdó tó ti gbẹ, ni mo bá ń fà á tu, mò ń kó o sápò. Ìyá àgbà kan gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Èèpo onírun ni, bíi ti ẹ̀wà tí wọn ò tíì pa. Ó fi èékánná là á, irúgbìn líle bí òkúta wẹẹrẹ sì dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹbí ẹ̀wà ni bluebonnet! Bí oòrùn bá mú èèpo yẹn, á là fúnra ẹ̀, á ju irúgbìn nù. Òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń kó dà nù. Ìdí nìyẹn tí katakata tó ń gé koríko fi ń dúró títí irúgbìn á fi gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bá wọn ṣe é, ọ̀nà tó rọrùn jù ni Adopt-a-Highway, tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Tyler ní Texas lọ́dún 1985. Ọ̀wẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ yín á gba máìlì méjì fún ọdún méjì, ẹ ó máa ṣa ìdọ̀tí ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Wọ́n á fún yín ní àpò àti ẹ̀wù tó ń tàn yòò, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí pátákó lójú títì. (Mo mọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé torí pátákó yẹn nìkan ni wọ́n ṣe wọlé.) Ti ìdọ̀tí nìyẹn o. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́n irúgbìn sílẹ̀ ìjọba, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní Florida ẹ̀wẹ̀, ẹ lè gba nọ́ńbà mọ́tò olódòdó. Owó ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Florida Wildflower Foundation.

Lágbàlá tiyín, láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni kí ẹ gbìn ín, síbi tí oòrùn ń pa dáadáa. Ẹ ro ilẹ̀ díẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ irúgbìn mọ́lẹ̀, ẹ má da ajílẹ̀ sí i. Kí ọmọdé má fi sẹ́nu, nítorí májèlé wà nínú ẹ̀.

Àbúrò mi kan nílé ti ní kí n fi irúgbìn ránṣẹ́, kóun fọ́n ọn sọ́nà Oǹdó. Mi ò fi ránṣẹ́, torí òdòdó àjèjì lè gba ilẹ̀ mọ́ ti ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Jogbo olódòdó yẹ́lò tó gba ẹ̀gbẹ́ títì wa kan báyìí, ìhà Mexico ló ti wá.