Àṣìṣe tó ń sọ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ di ẹran ìjẹ àwọn oníjìbìtì

1. Kí èèyàn sanwó kó tó dé orí ilẹ̀. Èyí ò gba àlàyé.

2. Kí èèyàn rí ìwé sọ́fè, kó gbà pé òun ti rí onílẹ̀. Èyí gan-an ló ń bí ni nínú. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ni ìwé sọ́fè ń sọ. Orúkọ tí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bá pè ni sọ́fíyọ̀, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilẹ̀, máa kọ sórí rẹ̀. Síbẹ̀, òǹtẹ̀ ìwé lásán ti tó fún àwọn kan láti kó gbogbo owó wọn sílẹ̀!

Ẹ gba ẹ̀dà tó pé, kì í ṣe fọ́tò orí fóònù tí wọ́n gé etí rẹ̀. Ẹ wá sọ́fíyọ̀ tiyín tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn sọ́fíyọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ má mú èyí tí ẹni tó ń talẹ̀ bá yín pè. Kó dé orí ilẹ̀, kó fi ẹ̀rọ wọn igun kọ̀ọ̀kan, kó sì fi nọ́ńbà tó wà lára òpó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀ wé ti inú ìwé. Kó wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fíyọ̀ Jẹ́nẹ́rà ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi wá ilẹ̀ náà lórí máàpù. Níbẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú: ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, tàbí ó gun ilẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n tún lè fi ilẹ̀ ẹ̀bá títì hàn yín ní Ọba-Ilé, kó jẹ́ pé àbàtà etí odò Àlà ni ìwé tí wọ́n kó fún yín ń júwe.

3. Kí olórí ẹbí nìkan fọwọ́ sí ìwé títà ilẹ̀ ẹbí. Bó bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí àwọn àgbà ojúlé, ìyẹn àwọn ẹ̀ka ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Kí aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé níwájú lọ́yà yín.

Oko kòkó ńkọ́? Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá rẹ̀. Kòkó lè jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ bi àwọn tó bá a pààlà léèrè ẹni tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún.

Bí ilẹ̀ bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ olóògbé ló wà lórí rẹ̀, ẹ ní kí àwọn ọmọ mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ gíga lórí ogún wá.

Ẹ bi wọ́n pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì kan: 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn kì í ṣe 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn.

Ajẹ́ntì tó ní ẹlòmíì ń gbé owó bọ̀ lálẹ́ òní? Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má fi sílẹ̀ lásán. Ẹ mọ ògiri yí i ká, ẹ sì forúkọ ìwé yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ rà á lè rí orúkọ yín níbẹ̀. Ọ̀dà pupa tí ẹ fi kọ “Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà” sára igi kò dá ẹnì kankan dúró rí.